Àpò Méjì Nínú Ilé Kan: Ọ̀gbẹlẹ̀, Igi Emi àti Àwọn Ìyá Òkè-Ògùn

Bí ẹ bá wọ ilé Yorùbá mẹ́wàá ní Dublin lónìí, ó dá mi lójú pé ẹ ó rí ike òrí nínú èyí tó pọ̀ jù. Òun la fi ń para fún ọmọ nígbà òtútù, òun la ń fi sí ètè tó bó, òun làwọn ìyá àgbà ní ká fi ra imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn dí nímú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn òórùn rẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn tiẹ̀ máa ń sá fún un. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni òrí ti wá. Moore Street ni wọ́n á sọ. Wọn ò purọ́, ibẹ̀ la ti ń rà á. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe é kó tó dé Moore Street? Ṣé ẹni náà ṣì máa lè ṣe é nígbà tí àwọn ọmọ wa bá bí ọmọ tiwọn?

Ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má sá. Mi ò ní sọ ti yìnyín tó ń yọ́, èyí tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa dáadáa níléèwé. Ilẹ̀ Yorùbá ni mo fẹ́ mú yín lọ, apá ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹ̀yìn odi kò mọ̀.

Ibi tí igbó ti fẹ́lẹ̀

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ Yorùbá, nínú ìwé àti lórí fóònù. Ẹni tó bá ka irú ìwé tí mo kà nìkan á rò pé igbó ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá: kòkó, ọ̀pẹ, obì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbéra ní Ìbàdàn, tó gba Ìsẹ́yìn, tó ń lọ sókè sí Ṣakí, igbó á máa fẹ́lẹ̀ títí á fi di ọ̀dàn: koríko gígùn, igi tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, àpáta ńláńlá. Òkè-Ògùn nìyẹn. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 10 ló wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn dé Kíṣí. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ṣakí ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí.

Kì í ṣe aṣálẹ̀ o. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ gùn, láti nǹkan bí November títí wọ March. Àwọn odò kéékèèké á gbẹ, ọyẹ́ á dé, iná á máa jó nínú koríko. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ kò sì ní omi mìíràn tí wọ́n lè fi wọ́n oko. Òjò nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọn òjò yìí, wọ́n dùn lẹ́nu. Àkọ́rọ̀ ni òjò tó ṣí ọdún. Àrọ̀kúrò ni èyí tó ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìgbà tí òjò yẹ kó rọ̀ tí kò rọ̀. Tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ á rí àkọ́rọ̀, á gbé ọkọ́, á lọ gbin àgbàdo. Ní báyìí, àkọ́rọ̀ ti di ẹlẹ́tàn. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, àgbẹ̀ á gbìn, òjò á wá káwọ́ kò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àgbàdo tó ti hù á rọ, wọ́n á tún lọ ra irúgbìn mìíràn. Ìsinmi òjò oṣù August tí gbogbo ayé mọ̀, òun náà kì í dúró sójú kan mọ́. Nígbà tí òjò bá sì dé, á dé bí ẹni tí inú ń bí, á gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Ayé ti gbóná ju bó ṣe wà ní nǹkan bí ọdún 150 sẹ́yìn lọ, ó sì ti ju ìwọ̀n Celsius kan lọ báyìí. Ooru yìí ń tètè fa omi kúrò nínú ilẹ̀, ó sì ń mú kí òjò tó bá rọ̀ wúwo sí i. Kì í ṣe pé ọ̀dá jẹ́ tuntun ní ìhà ibẹ̀ yẹn. Èyí tó jà ní Sahel láti 1968 sí 1974 lé ọ̀pọ̀ darandaran àti màlúù wọn wá sí gúúsù. Ohun tó tuntun ni pé àmì tí àwọn bàbá wa ń wò kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́.

Gbogbo èyí ni wọ́n máa ń sọ nínú ìròyìn, orúkọ tí wọ́n sì máa ń fún ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ni "àgbẹ̀". Ẹ sọ fún ọmọ yín kó ya àgbẹ̀ sórí ìwé. Ọkùnrin ló máa yà, pẹ̀lú fìlà àti ọkọ́.

Ìlà kan fún ilé kan

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo àkọsílẹ̀ tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà: ìlà kan fún oníbàárà kan. Nígbà tí ìjọba tàbí àjọ aláàánú bá fẹ́ mọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe sí, irú nǹkan báyìí náà ni wọ́n sábà máa ń tò, ìlà kan fún ilé kan: orúkọ olórí ilé, ìwọ̀n oko, ohun tó gbìn, iye tó kórè. Bàbá ni olórí ilé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọ́n á wo ìlà yẹn, wọ́n á ní ilé yìí pàdánù àpò àgbàdo mẹ́wàá. Ó parí síbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá á rẹ́rìn-ín. Ilé Yorùbá wo ló ní àpò kan? Tipẹ́tipẹ́ ni tọkọtaya wa ti ń ya owó sọ́tọ̀. Ọkọ ní oko, ìyàwó ní òwò. Ọkọ lè fún ìyàwó ní owó tó máa fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, èrè rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀, ti ìyàwó ni. Nínú ilé mìíràn, ìyàwó á ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ gan-an, á ná an, á san owó, á sọ ọ́ di gàrí, á gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé èmi àti ìyàwó mi jọ ní àkáǹtì kan ṣoṣo ní báǹkì níbí, ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń ṣeré ni?"

Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn. Bí ojúṣe ṣe pín nìyẹn. Bàbá ní tirẹ̀: ilé, owó iléèwé, iṣu inú àká. Ìyá ní tirẹ̀: ọbẹ̀, aṣọ ọmọ, oògùn, àti gbogbo ohun tí bàbá kò bá rí san. Nítorí náà, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wọ ilé, ẹnu ọ̀nà méjì ló gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la sì ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, ká wo igi emi. Emi ni igi, òrí ni ọ̀rá tí wọ́n ń yọ nínú kóró rẹ̀. Wọn kì í sábà gbìn ín bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń hù, àgbẹ̀ tó bá sì ń ṣán oko á dá a sí. Ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí emi tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè so fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Èso rẹ̀ ń pọ́n láti nǹkan bí May sí August. Ẹ fi ọkàn sí àsìkò yìí dáadáa, ìgbà yẹn gan-an ni iṣu ọdún tó kọjá ti tán nínú àká tí oúnjẹ tuntun kò tíì pọ̀. Owó emi ń wọlé nígbà tí owó mìíràn kò sí nílé, ọwọ́ ìyá ló sì ń bọ́ sí. Òun ni wọ́n fi ń ra iyọ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbé ọmọ tí ibà mú lọ sí ọsibítù.

Obìnrin àti ọmọ ni wọ́n ń jí ní ìdájí lọ ṣa èyí tó já bọ́ lóru, tọkàntara nítorí ejò. Wọ́n á bó ẹran ara rẹ̀, wọ́n á se kóró, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jókòó ti agbada, wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó mọ́ omi, pípò kíkankíkan títí apá á fi ro wọ́n, títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Wọ́n á kó ọ̀rá yẹn, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, á dì. Omi àti igi ìdáná ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí dúró. Tí odò tó wà nítòsí bá gbẹ, wọ́n á rìn dé èyí tó jìnnà, wọ́n á tún rù ú padà.

Ti ẹ̀gẹ́ náà ya ni lẹ́nu. Ẹ̀gẹ́ ń fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Láfún àti fùfú, ẹ gbọ́dọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́ wọn sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan. Gàrí nílò iná púpọ̀. Irúgbìn tó gba bàbá lọ́wọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ti fi kún ohun tí ìyá ń rù lórí. Ta ni ìyá sì máa pè kó ran òun lọ́wọ́ láti pọn omi kí aago iléèwé tó lù? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ mọ ìdáhùn.

Ohun tí Màmá mi kékeré sọ

Àbúrò ìyá mi kan ń gbé lẹ́bàá Ṣakí. Màmá mi kékeré ni mo ń pè é. Òrí àti gàrí ló ń ṣe, ọkọ rẹ̀ ń gbin àgbàdo àti iṣu. Ẹbí wa tó wà ní Dublin àti London máa ń dá owó jọ, pàápàá lọ́dún tí àgbàdo bá kú, kí wọ́n lè ra irúgbìn àti ajílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ọwọ́ bàbá ilé ni owó ń lọ. Àwọn àgbà ẹbí ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé ó ní ohun tó burú nínú. Lọ́jọ́ Sunday kan mo pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé owó ti dé?"

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá yín. Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ọ́ léèrè, ọmọ mi. Owó kí lẹ fi ránṣẹ́?"

"Owó àgbàdo ni mà."

"Ta ló ni àgbàdo?"

Mo ní, "Ṣebí gbogbo ilé ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá yín ló ni àgbàdo. Èmi ni mo ni omi. Bí àgbàdo bá kú, ẹ máa gbọ́ ní Dublin. Bí omi bá gbẹ, ọrùn mi nìkan ló máa gbọ́."

Ó wá sọ ti igi fún mi. Lọ́dún tí àgbàdo kú lẹ́ẹ̀mejì yẹn, àwọn elédùú wá. Èédú ti di òwò ńlá ní Òkè-Ògùn, igi emi sì le, èédú rẹ̀ ń jó pẹ́. Ọkọ rẹ̀ fún wọn láyè kí wọ́n gé emi méje nínú oko. Owó ọwọ́ ni wọ́n san. Ó fi owó náà san owó iléèwé ọmọ méjì, ó sì fi ìyókù ra irúgbìn.

"Ṣé ẹ bá a jà?" ni mo bi í.

"Kí ni mo máa bá a jà sí? Kò jí nǹkan. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ mi ló fi owó náà rán níléèwé. Àmọ́ emi méje, ọmọ mi! Ìyá ọkọ mi ṣa nídìí wọn kí wọ́n tó gbé mi wọlé."

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ látìgbà yẹn. Nínú àkọsílẹ̀ onílà kan, ilé yìí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹlẹ̀: àwọn ọmọ ń lọ sí iléèwé, irúgbìn wà. Nínú àpò kejì, òwò tó yẹ kó gbé obìnrin yìí dé ọjọ́ ogbó ló jóná di eérú. Ẹni tó bá tún fẹ́ emi méje, kó dúró fún ogún ọdún. Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló fi gba ilé là. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Torí náà mo lọ wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Àpapọ̀ Nàìjíríà sọ pé òfin ìbílẹ̀ Yorùbá tó ti fìdí múlẹ̀ ni pé ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹ má bínú jù, apá kejì wà: ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilé ẹjọ́ ti gbà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ẹjọ́ Lopez ní Èkó ní 1924, ó sì dára ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó yí wa ká lọ. Ìyẹn ni pé obìnrin kan náà jẹ́ onílẹ̀ ní agbo ilé bàbá rẹ̀, níbi tí kò gbé mọ́, ó sì jẹ́ àlejò nínú oko tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àmọ́ lábúlé, bí àwọn bàbá ṣe ń ṣe é ni wọ́n ṣì ń ṣe é.

Igi tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbin igi tó máa pẹ́ sórí ilẹ̀ ń sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ kì í fi í fẹ́ kí àgbàtọ́ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin kòkó tàbí kajú láìgba àṣẹ. Ìyàwó náà, ó ṣòro kó gbìn ín ní orúkọ ara rẹ̀. Tí àwọn aláṣẹ bá wá ń polongo pé kí gbogbo àgbẹ̀ gbin igi kajú nítorí ojú ọjọ́, ẹni tó lè gbìn ín ni ọkọ. Ibi tó sì ti sábà máa ń gbìn ín ni ilẹ̀ tí ìyàwó ti ń gbin ẹ̀pà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ibí náà

Kí ó má baà dà bí ẹni pé "ọ̀rọ̀ Áfíríkà" nìyí, ẹ jẹ́ ká padà sí Dublin. Gbogbo wa la ti mú ọmọ kọjá níwájú àwọn ère tó rù kan eegun ní Custom House Quay, tí Rowan Gillespie gbẹ́, tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1997. Ìyàn ńlá 1845 sí 1852 ni wọ́n fi ń rántí. Àrùn pòtétò ló fà á, kì í ṣe ọ̀dá; nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tó sá kúrò nílùú. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa rẹ̀, ọ̀kan wà tó mú mi dìde lórí àga. Ní 1847, William Gregory, aṣòfin tó ń ṣojú Dublin, ti ìlà kan bọ inú òfin ìrànwọ́: ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ tó ju ìdá mẹ́rin éékà kan lọ kò gbọ́dọ̀ gba ìrànwọ́ àfi tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó ẹni yẹn ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mọ́ ọn ni wọ́n kọ́kọ́ kà wọ́n. Tí bàbá bá kọ̀ láti fi ilẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn ni ebi ń pa. Ó di 1848 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ díẹ̀ pé ìyàwó àti ọmọ lè gba oúnjẹ tiwọn. Ìlà kan fún ilé kan, ní Ireland níbí!

Títí dòní, nínú ìkànìyàn àwọn oko tí wọ́n ṣe ní Ireland ní 2020, nǹkan bíi 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ni oko ló jẹ́ obìnrin. Ọmọkùnrin ni wọ́n ń fi oko sílẹ̀ fún. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ jà níbí ní ìgbà ooru 2018, tí koríko Phoenix Park pọ́n bíi ti Ṣakí, tí wọ́n fòfin de fífi rọ́bà wọ́n òdòdó, àwọn àgbẹ̀ wá koríko fún màlúù títí. Ìyàtọ̀ wà ṣá: omi ẹ̀rọ wa kò gbẹ, kò sẹ́ni tó gbé garawa rù.

Àwọn ará Ireland mọ ìtàn ebi, ó sì hàn nínú ìṣe wọn. Ebi Biafra ló bí àjọ Concern ní Dublin ní 1968. Mary Robinson, tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí, láti 1990 sí 1997, dá àjọ kan sílẹ̀ ní Dublin ní 2010 fún ìdájọ́ òdodo lórí ojú ọjọ́. Nínú ìwé tó kọ jáde ní 2018, ó sọ ìtàn Constance Okollet, obìnrin àgbẹ̀ kan láti ìlà-oòrùn Uganda. Nígbà tí ọ̀dá àti omíyalé dojú kọ abúlé obìnrin náà, àwọn ará ibẹ̀ rò pé Ọlọ́run ló ń fìyà jẹ àwọn. Robinson wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ obìnrin síwájú ní ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Doha ní 2012, tí wọ́n fi pinnu pé kí iye obìnrin tó ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu pọ̀ sí i. Ó dára. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n tún máa ka iye obìnrin tó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan.

Nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. IITA wà ní Ìbàdàn láti 1967, wọ́n sì ti mú àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá jáde. Àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ń kọ ètò tó máa gbé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sórí fóònù máa béèrè nọ́ńbà. Nọ́ńbà ta ni? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan fún ilé kan, ti bàbá ni, fóònù náà á sì wà nínú àpò rẹ̀ lóko. Bàbá á gbọ́ pé òjò máa pẹ́ kó tó dé, á sún ìgbà gbígbìn síwájú. Ìyá tó yẹ kó gbọ́ kó lè tọ́jú omi tàbí kó tètè rẹ láfún kò gbọ́ nǹkan kan. Láti fi ìlà kejì kún àkọsílẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fún mi. Ẹni tó máa lọ jókòó ti ìyá náà, kó bi í ní ohun tó ń kó èrè rẹ̀ lọ, iṣẹ́ tirẹ̀ ló pọ̀.

Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó kóró emi tí wọn ò tíì yọ òrí rẹ̀ lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà. Ìdí wọn ni pé a ń ta kóró lọ́pọ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ń jẹ èrè òrí. Mo fara mọ́ èrò yẹn. Àmọ́ ní tèmi, òfin tó bá ṣí ilé iṣẹ́ fún olówó tí kò sì dáàbò bo igi tó wà nínú oko kò tíì dé ọ̀dọ̀ Màmá mi kékeré. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè yọ òrí lára èédú.

Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé lọ́dún tí òjò bá ṣe ségesège, ẹ bi wọ́n léèrè pé owó kí ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wà lórí fóònù, kí àwọn náà béèrè: Odò wo ni ẹ ti ń pọn omi? Ó jìnnà tó ibo? Igi wo lẹ ti ń ṣa èso? Ta ló ni ín? Yorùbá tí wọ́n máa gbọ́ níbẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti mọ agbada, ó mọ ìdájí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe "sẹ́ ẹ" láìṣi ohùn.

Ní ti ẹbí wa, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn lórí WhatsApp fún bí oṣù kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní a fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkọ àti aya. Ìyá mi ló dá a lóhùn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni èmi àti Bàbá àwọn ọmọ yìí fi owó sínú àpò kan?" Ó ti ẹnu gbogbo wọn pa. Wọ́n gbà pé kí owó irúgbìn máa lọ sọ́dọ̀ Bàbá bíi ti tẹ́lẹ̀, kí òmíràn lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olórí-títà tí Màmá mi kékeré wà, tí wọ́n jọ ń dá àjọ. Wọ́n fi ra táǹkì omi méjì tó ń gba omi òrùlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ bá àwọn ọkọ wọn pẹ̀lú obì, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn dá emi tó kù sí. Wọn ò béèrè ilẹ̀. Igi nìkan ni wọ́n béèrè, ẹ̀tọ́ láti máa ṣa nídìí rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Àwọn ọkọ méjì kọ̀. Bàbá Ṣakí gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ó ní òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, táǹkì kan ti kún, èkejì ń jò díẹ̀ nísàlẹ̀ àmọ́ fọganáísà ti ń bọ̀. Ó ní emi tó kù lẹ́bàá ọ̀nà oko jẹ́ mọ́kànlá, àwọn sì ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí gbogbo wọn lára. Ọmọbìnrin mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bi í bóyá òun lè ní ọ̀kan nínú wọn. Wọn ò tíì dá a lóhùn.